Ẹ dán ààbò ẹ̀rọ wò kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́

Ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 2023, ìkìlọ̀ kan dún ní ilé-iṣẹ́ omi ìlú Aliquippa, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Àwọn òṣìṣẹ́ gba ibùdó tí pọ́ọ̀ǹpù ti ń ti omi lọ sí àwọn àdúgbò kan lọ. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń darí pọ́ọ̀ǹpù náà ti ṣíwọ́ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ àjèjì sì wà lójú rẹ̀: wọ́n ti wọ ẹ̀rọ yìí, gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n bá sì ṣe ní Ísírẹ́lì ni wọn yóò máa dojú ìjà kọ. Àwọn tó kọ ọ́ pe ara wọn ní CyberAv3ngers, ẹgbẹ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé ó so mọ́ IRGC, ẹ̀ka ológun orílẹ̀-èdè Iran. Àwọn òṣìṣẹ́ pa ẹ̀rọ náà, wọ́n fọwọ́ ara wọn darí pọ́ọ̀ǹpù, omi sì ń lọ sọ́dọ̀ aráàlú bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé ló yẹ kó ká èèyàn lára. Ẹ̀rọ náà, tí Unitronics, ilé-iṣẹ́ kan ní Ísírẹ́lì, ṣe, máa ń dé ọwọ́ ẹni tó rà á pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù kan náà tí gbogbo ayé mọ̀: 1111. CISA, àjọ tó ń rí sí ààbò kọ̀ǹpútà fún ìjọba Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé àwọn ẹ̀rọ tí ẹgbẹ́ náà wọ̀ wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì sẹ́ni tó yí páásíwọ́ọ̀dù wọn padà. Òmíràn ò tiẹ̀ ní páásíwọ́ọ̀dù rárá. Nígbà tí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ jọ, ó kéré tán ẹ̀rọ 75 ló kó sí wọn lọ́wọ́, 34 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn ilé-iṣẹ́ omi ní Amẹ́ríkà. Ní agbègbè Mayo, ní orílẹ̀-èdè Ireland, àwọn ará abúlé kan wà láìlómi fún ọjọ́ méjì nítorí irú ẹ̀rọ yìí kan náà.

Kò sí ọgbọ́n àrà kankan nínú ohun tí wọ́n ṣe. Ẹni tó bá gbé láptọ́ọ̀pù jókòó ti ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kàn án mọ́ ibi iṣẹ́ yóò rí àléébù méjèèjì láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Àmọ́ ní ibi púpọ̀, iṣẹ́ yẹn kì í sí nínú ohun tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni ṣe. Wọ́n á wò ó pé pọ́ọ̀ǹpù ń ṣiṣẹ́, wọ́n á fọwọ́ sí ìwé, wọ́n á gbowó, wọ́n á lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń ra ẹ̀rọ fún ìlú, fún ilé-iṣẹ́ tàbí fún ìjọba mọ̀ ni pé ọjọ́ tí ẹ̀rọ ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ọjọ́ tó dára jù láti mọ̀ bóyá àjèjì lè gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Tí ọjọ́ yẹn bá kọjá, àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ lè di ewu.

Ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò, àti ohun tí wọn kì í yẹ̀ wò

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹ̀rọ tí mò ń wí. Nínú ilé-iṣẹ́ bíà, ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì, ilé omi, ibùdó iná mànàmáná àti ibi tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì, kọ̀ǹpútà kékeré kan wà tí kò ní kíbọ́ọ̀dù, tí wọ́n tò sínú kọ́bọ́ọ̀dù irin. PLC lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń gbọ́ bí omi ṣe ga tó, bí ooru ṣe pọ̀ tó, bí gáàsì ṣe ń ti ara rẹ̀ nínú páìpù. Òun náà ló ń sọ fún pọ́ọ̀ǹpù pé kó dúró, tó ń sọ fún fáàfù pé kó ṣí. Lókè àwọn PLC ni SCADA wà, ìyẹn ètò tó ń kó ìròyìn gbogbo wọn jọ sójú kan kí òṣìṣẹ́ tó jókòó sí yàrá ìdarí lè rí gbogbo ilé-iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kó sì pàṣẹ láti ibi tó wà. Fóònù tí a ń lò lè má pé ọdún márùn-ún tí a fi pààrọ̀ rẹ̀. PLC lè lo ogún ọdún nídìí iṣẹ́ kan náà. Àléébù tó bá bá a wọlé, ó ṣeé ṣe kí wọ́n jọ wà níbẹ̀ títí ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn á fi wọ yunifásítì.

Irú ẹ̀rọ báyìí kì í dédé dé. Ẹni tó fẹ́ rà á máa ń kọ ohun tó ń fẹ́ sílẹ̀, agbaṣẹ́ṣe á yà á, á tò ó pọ̀ nínú ọgbà tirẹ̀. Kó tó di pé wọ́n kó o sínú ọkọ̀, àwọn ẹnjiníà ẹni tó ń rà á yóò lọ bá agbaṣẹ́ṣe náà, wọ́n á jọ tan ẹ̀rọ, wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́sẹẹsẹ. FAT ni wọ́n ń pe àyẹ̀wò yẹn. Bí ẹrù bá gúnlẹ̀, tí wọ́n tò ó tán síbi tó ti máa ṣiṣẹ́, wọ́n á tún ṣe òmíràn tó ń jẹ́ SAT. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò pẹ̀lú omi gidi, iná gidi, epo gidi, tó fi dọ́jọ́ tí wọ́n máa fa kọ́kọ́rọ́ lé ẹni tó ni ín lọ́wọ́. Ìlànà àgbáyé IEC 62381 ti sọ bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe FAT àti SAT. Iṣẹ́ àtayébáyé ni, àwọn ẹnjiníà sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Àmọ́ kí ni wọ́n ń bi ẹ̀rọ léèrè níbẹ̀? Bí mo bá tẹ bọ́tìnnì yìí, ṣé pọ́ọ̀ǹpù á dìde? Bí omi bá kún dé ibi báyìí, ṣé ìkìlọ̀ á dún? Bí iná bá lọ tó sì padà dé, ṣé ẹ̀rọ á mọ ibi tó báṣẹ́ dé? Ìbéèrè gidi ni gbogbo wọn, ilé-iṣẹ́ tí kò bá béèrè wọn yóò kábàámọ̀. Ìbéèrè ti ààbò yàtọ̀ sí wọn. Ta ló tún lè tẹ bọ́tìnnì náà yàtọ̀ sí mi? Bí àṣẹ bá wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ̀rọ ò mọ̀ rí, ṣé á gbọ́ tirẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló máa gbọ́. Modbus, èdè tí ẹgbàágbèje wọn ṣì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ti wà láti ọdún 1979, nígbà tí kò sẹ́ni tó rò pé àlejò á fi ilẹ̀ mìíràn jókòó máa pàṣẹ fún fáàfù. Kò sí ibi tí èdè náà ti ń béèrè ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, nínú òtútù yìnyín, Modbus yìí ni àwọn kan lò ní ìlú Lviv, ní orílẹ̀-èdè Ukraine, láti ṣi ẹ̀rọ tó ń pín omi gbígbóná tí wọ́n fi ń mú ilé móoru lọ́nà. Ilé alájà tí iye rẹ̀ ju 600 lọ ni kò sí ooru nínú wọn fún bí ọjọ́ méjì.

Ẹ̀rọ tó ti ń ṣiṣẹ́ kì í gba ìdánwò

Ẹnì kan lè bi mí pé: kí ló ń lé wa? Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ná, kí owó máa wọlé, a ó pe àwọn onímọ̀ ààbò wá tó bá dọ̀la. Bí wọ́n ṣe ń ṣe fún kọ̀ǹpútà báńkì nìyẹn, kò sì burú níbẹ̀. Nínú ilé-iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣètò ìlànà, kọ ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́ta sínú ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ lórí ààbò ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 800-82. Nínú èkínní, ẹnì kan fẹ́ mọ iye ẹ̀rọ tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé-iṣẹ́ kan, ó sì fi ping kí wọn káàkiri. Ping ni ohun tó kéré jù tí kọ̀ǹpútà lè fi béèrè pé, “Ṣé o wà níbẹ̀?” Apá rọ́bọ́ọ̀tì kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 9 dédé jí, ó sì fì yípo ìdajì. Ó ṣe ohun ọpẹ́ pé ẹni tó wà nínú yàrá náà ò sí lójú ọ̀nà rẹ̀. Nínú èkejì, ping yìí kan náà ló mú kí ẹ̀rọ tó ń ṣe ara inú kọ̀ǹpútà dákẹ́ gbọnrangandan, ọjà 50,000 dọ́là sì bàjẹ́. Nínú ẹ̀kẹta, ilé-iṣẹ́ gáàsì kan gba àwọn onímọ̀ pé kí wọ́n wá dán ààbò kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì òun wò. Wọ́n ṣèèṣì ya sórí apá tí SCADA wà, SCADA há, gáàsì ò sì lè gba inú páìpù kọjá fún wákàtí mẹ́rin.

Kò sí ọ̀tá kankan nínú àwọn ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn tó ń fẹ́ ire ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ṣe é. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó bá gbọ́n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ̀rọ tó ti ń ṣiṣẹ́, mi ò sì lè dá a lẹ́bi. Ẹ wá wo ibi tí èyí bá wa dé: kó tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kò sáyè, lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ó léwu. Ẹ̀rọ á lo ogún ọdún láìsí ẹni tó mọ ohun tó lè bì í ṣubú, àyàfi ẹni tó bá fẹ́ bì í ṣubú.

Nínú ọgbà agbaṣẹ́ṣe, nígbà FAT, pọ́ọ̀ǹpù kankan ò so mọ́ PLC. Kò sómi, kò sí gáàsì, kò sẹ́ni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ apá rọ́bọ́ọ̀tì. Èèyàn lè kọlù ú bó ṣe wù ú. Ó lè ju ọ̀rọ̀ játijàti lù ú títí á fi ṣubú, kó wo bó ṣe ń dìde, kó tún jù ú lù ú. Bó bá bàjẹ́, ẹni tó ṣe é wà nítòsí, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀, òun ni mo sì rò pé ó ṣe pàtàkì jù. Kò sí ará Èkó tó máa san owó ọkọ̀ tòkunbọ̀ tán kó tó mú mẹkáníìkì lọ síbi tí ọkọ̀ wà. Ó mọ̀ pé bí owó bá ti kúrò lọ́wọ́ òun, ọ̀rọ̀ ti dá sí òun nìkan lọ́rùn. Agbaṣẹ́ṣe tí kò tíì gba ìyókù owó rẹ̀ á yí páásíwọ́ọ̀dù, á dí ilẹ̀kùn tí kò yẹ kó ṣí sílẹ̀, á sì gbé sọ́fítíwíà tuntun sí i. Tó bá ti gbowó tán, gbogbo ohun wọ̀nyẹn á di iṣẹ́ tuntun tó ní iye tirẹ̀.

Ohun tó yẹ kí wọ́n fojú rí

Orí ohun tó wà ní ti gidi ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe á kó orúkọ gbogbo ẹ̀rọ tó ní kọ̀ǹpútà nínú kalẹ̀, títí kan èyí tó kéré jù, pẹ̀lú oríṣi sọ́fítíwíà tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń rà á yóò fi ẹ̀rọ ara rẹ̀ wá kiri, á wò ó bóyá ohun tó rí bá ohun tí wọ́n kọ mu. Wọn kì í sábà bára mu. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń bá ọ̀nà Wi-Fi tí ẹnjiníà kan ṣí kí iṣẹ́ lè yá, àti orúkọ ìwọlé tí wọ́n fi ń dánwò tí wọn ò pa rẹ́. Lẹ́yìn náà ni páásíwọ́ọ̀dù, ilẹ̀kùn tó ṣí láìnídìí, àti àyẹ̀wò kòkòrò kọ̀ǹpútà lórí gbogbo láptọ́ọ̀pù àti USB tí wọ́n fi ṣiṣẹ́. Mi ò ní pẹ́ lórí ìwọ̀nyí. Ọmọ iṣẹ́ tó mọṣẹ́ lè ṣe wọ́n láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ohun tó gba ìrònú ni ọ̀nà tí agbaṣẹ́ṣe fúnra rẹ̀ ń gbà wọlé. Ní oṣù kìíní ọdún 2003, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Slammer wọ ibùdó iná átọ́míìkì Davis-Besse ní ìpínlẹ̀ Ohio. Firewall ibùdó náà, ìyẹn ohun tó ń dí àjèjì lọ́nà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ojú ọ̀nà tí agbaṣẹ́ṣe kan ń lò, tí kò gba inú firewall yẹn kọjá, ni kòkòrò náà bá wọlé. Fún nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, àwọn òṣìṣẹ́ ò rí ojú ẹ̀rọ tó ń fi ipò ààbò ibùdó hàn. Ó ṣe dáadáa pé ibùdó náà ò ṣiṣẹ́ lákòókò yẹn. Nítorí náà, nígbà àyẹ̀wò, wọ́n gbọ́dọ̀ béèrè pé: báwo lẹ ṣe máa wọ ẹ̀rọ wa láti ilẹ̀ yín tó bá bàjẹ́? Ta ló máa ṣílẹ̀kùn fún yín? Ta ló máa tì í? Kí wọ́n ṣe é lójú wọn, kí wọ́n tì í lójú wọn, kí wọ́n gbìyànjú láti wọlé lẹ́yìn tí wọ́n ti tì í.

Ìtàn Maroochy ní ìpínlẹ̀ Queensland, ní Australia, ni mo máa ń padà sí jù, torí ẹ̀rọ tuntun ló dá lé lórí. Nígbà tó fi máa di ọdún 2000, ìjọba ìbílẹ̀ náà ti ní ètò tuntun tó ń fi rédíò darí ibùdó pọ́ọ̀ǹpù ìdọ̀tí omi 142. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wàhálà dé: pọ́ọ̀ǹpù á ṣíwọ́ nígbà tó yẹ kó ṣiṣẹ́, ìkìlọ̀ ò ní dún, ibùdó kan ò ní gbúròó èkejì. Ohun tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ rò ni pé àléébù ẹ̀rọ tuntun ni, wọ́n sì ń wá a kiri bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ sọnù. Ọkùnrin kan tó ti bá ilé-iṣẹ́ tó to ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ rí, tí ìjọba ìbílẹ̀ náà ò gbà síṣẹ́, ló ń fi ọkọ̀ rẹ̀ rìn káàkiri pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù àti rédíò, tó ń pàṣẹ fún pọ́ọ̀ǹpù bí ẹni pé ibùdó kan lòun náà. Nǹkan bíi 800,000 lítà ìdọ̀tí omi ló ṣàn wọ inú odò, pápá ìṣeré àti àyíká òtẹ́ẹ̀lì kan. Ilé-ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì ní 2001.

Ìdí tí wọ́n fi pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ni pé rédíò náà gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti mọ èdè rẹ̀, ètò náà kò sì tọ́jú àkọsílẹ̀ tó tó láti fi mọ ẹni tó ṣe kí ni, àti ìgbà tó ṣe é. Àyẹ̀wò ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ì bá ti tú méjèèjì fó. Ẹ fi rédíò tí kò sí lórí ìwé pàṣẹ fún un, ẹ wò ó bóyá á gbọ́. Ẹ ṣe àṣìṣe mẹ́wàá mọ̀ọ́mọ̀, kí ẹlòmíràn tí kò sí níbẹ̀ lọ ka àkọsílẹ̀, kó sọ ohun tẹ́ ẹ ṣe. Bí kò bá rí i sọ, ẹ̀rọ náà ò tíì ṣeé gbà.

Ti Saudi Arabia burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2017, ní ilé-iṣẹ́ petrochemical kan níbẹ̀, ìyẹn èyí tó ń fi epo rọ̀bì àti gáàsì ṣe kẹ́míkà, àwọn ọ̀tá wọ Triconex, ẹ̀rọ tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó pa ilé-iṣẹ́ nígbà tí ooru tàbí ìtì gáàsì bá kọjá ààlà. Òun ló dúró láàárín òṣìṣẹ́ àti ìbúgbàù. Àṣìṣe inú iṣẹ́ ọ̀tá fúnra wọn ló mú kí ilé-iṣẹ́ náà kú lójijì, ibẹ̀ ni àṣírí sì ti tú. Triconex ní kọ́kọ́rọ́ gidi lára, irin tí èèyàn ń fọwọ́ yí. Bí kọ́kọ́rọ́ bá wà níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó lè yí ètò inú rẹ̀ padà láti òkèèrè. Ó wà níbi tí wọ́n ti ń kọ ètò. Ẹnì kan lò ó, kò sì dá a padà. Nígbà tí ẹ bá ń gba ẹ̀rọ tuntun, irú kọ́kọ́rọ́ báyìí ló yẹ kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá ìkìlọ̀ á dún nínú yàrá ìdarí tó bá pẹ́ níbi tí kò yẹ. Ní 2020, ìjọba Amẹ́ríkà fi ìyà ètò ọrọ̀-ajé jẹ ilé ìwádìí ìjọba Rọ́ṣíà kan lórí ọ̀rọ̀ náà.

Lẹ́yìn gbogbo ìwọ̀nyí, ó ku bí wọ́n á ṣe dìde tí wọ́n bá ṣubú. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún 2015, ní ìwọ̀-oòrùn Ukraine, àwọn òṣìṣẹ́ iná mànàmáná ń wo máòsì tó ń rìn fúnra rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, tó ń ṣí bíréékà kan tẹ̀ lé òmíràn. Nǹkan bíi oníbàárà 225,000 ló wà nínú òkùnkùn. Àwọn ọ̀tá tún ba sọ́fítíwíà inú àwọn ẹ̀rọ kékeré tó so ibùdó mọ́ yàrá ìdarí jẹ́, tó fi jẹ́ pé kò ṣeé ṣe láti ti òkèèrè tan iná padà. Ohun tó gba Ukraine là ni pé àwọn òṣìṣẹ́ wọn ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń lọ síbùdó lọ fọwọ́ ti bíréékà padà. Iná dé láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ̀rọ tuntun tí kò fàyè sílẹ̀ fún ọwọ́ èèyàn ń bà mí lẹ́rù. Kí agbaṣẹ́ṣe pa PLC rẹ́ pátápátá níwájú ẹni tó ń rà á, kó mú àdàkọ tó fi pa mọ́, kó dá a padà sípò, kí wọ́n sì wo aago. Àdàkọ tí wọn ò tíì dá padà rí, ìrètí lásán ni.

Nígbà míì, àyẹ̀wò máa ń fi ohun tẹ́nikẹ́ni ò retí hàn. Ní oṣù kẹta ọdún 2007, ní ilé ìwádìí Idaho ti ìjọba Amẹ́ríkà, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ díísù tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 27 kalẹ̀ láti mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́. Orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ti pàṣẹ: wọ́n ń ṣí bíréékà, wọ́n ń tì í padà lásìkò tí kò bá ti iná tó kù mu. Jẹnẹrétọ̀ náà fò sókè, ó gbọ̀n, èéfín bò ó, ó sì bàjẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dáàbò bo jẹnẹrétọ̀ gan-an ni wọ́n lò láti pa á. Kí ọdún 2007 tó dé, ọ̀pọ̀ ẹnjiníà ló rò pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà kò lè fọ́ irin.

Àwọn àwáwí tí a máa ń gbọ́

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé, “Ẹ̀rọ wa ò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.” Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ yuraníọ̀mù ní Natanz, ní Iran, kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Stuxnet, tí ayé mọ̀ nípa rẹ̀ ní 2010, gba inú USB dé ọ̀dọ̀ PLC tí Siemens ṣe, ó ń yí bí ẹ̀rọ ṣe ń sáré padà, ó sì ń fi àwòrán àtijọ́ han àwọn òṣìṣẹ́ pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀rọ tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ FAT lè wà níbẹ̀ lọ́jọ́ SAT. Láàárín méjèèjì, ẹrù lè wà lórí omi àti ní èbúté fún oṣù púpọ̀, àwọn tó ń tò ó á sì fi módẹ́mù kan sí i kí ọ̀gá wọn lè bá wọn wò ó láti ìlú òkèèrè. Wọ́n á gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Fún ìdí èyí, àyẹ̀wò FAT nìkan ò tó. Wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe níbi iṣẹ́, lọ́jọ́ tó bá kù díẹ̀ kí omi gidi wọ páìpù.

Àwáwí kejì ni ìwé ẹ̀rí. Agbaṣẹ́ṣe á fa ìwé yọ pé PLC òun ti yege lábẹ́ IEC 62443, ìlànà àgbáyé lórí ààbò ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ IEC 62443 ní apá púpọ̀. Apá 4-2 ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, apá 3-3 ń sọ̀rọ̀ nípa gbogbo ètò nígbà tí wọ́n bá so wọ́n pọ̀, apá 2-4 sì ń sọ̀rọ̀ nípa ìwà agbaṣẹ́ṣe fúnra rẹ̀. PLC tó gba ìwé ẹ̀rí, tí wọ́n so pọ̀ láìsí firewall mọ́ kọ̀ǹpútà ibi tí àwọn akọ̀wé ti ń wo fídíò, kò ní ààbò kankan.

Àwáwí kẹta, àkókò, ló ń borí jù. Ọjọ́ tí gómìnà máa wá gé rìbọ́nì ti wà lórí káàdì ìpè. Iṣẹ́ ilé ti pẹ́, ẹrù ti pẹ́ ní èbúté, ọ̀sẹ̀ tó sì yẹ fún àyẹ̀wò ààbò ló kẹ́yìn gbogbo rẹ̀, òun ni wọ́n á gé. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí kì í fi í rí bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀: ohun tí wọ́n máa dán wò, ohun tó túmọ̀ sí pé ó yege, ẹni tó máa san owó àtúnṣe, àti iye owó tí wọn ò ní san títí yóò fi yege. Ohun tí kò sí nínú àdéhùn, kò sí agbaṣẹ́ṣe tó máa fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́.

Òfin ti ń dé díẹ̀díẹ̀. Ní Bìrìtìkó, láti ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2024, òfin ò gbà kí wọ́n ta ohun èlò ilé tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú irú páásíwọ́ọ̀dù bíi 1111 mọ́. Ohun èlò ilé ni o, kì í ṣe PLC. Òfin Cyber Resilience Act ti ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí wọ́n ṣe ní 2024, gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ: láti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 2027, ẹni tó bá fẹ́ ta ọjà tó ní kọ̀ǹpútà nínú sí Yúróòpù gbọ́dọ̀ ta á ní ipò tó láàbò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ọjà tí kò bá òfin yẹn mu. Ilẹ̀ tí wọn kì í ti í yẹ ẹrù wò ni irú ọjà bẹ́ẹ̀ máa ń gbà lọ.

Ní Nàìjíríà, òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti 2015 fún ààrẹ lágbára láti ka àwọn ètò kan sí ohun tí orílẹ̀-èdè ò lè ṣe aláìní, àṣẹ tí wọ́n sì kéde ní 2024 ló fi èyí sípò. Ó dáa pé ó wà. Ẹni tó bá ba ohun tí àṣẹ yẹn bò jẹ́ yóò fojú winá òfin. Àmọ́ ìjìyà ọ̀daràn kì í ti ilẹ̀kùn tí agbaṣẹ́ṣe fi sílẹ̀ ní ṣíṣí, ẹni tó sì kọlù wá lè má fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wa láéláé.

Àsìkò tó ṣe pàtàkì la sì wà. Ètò SCADA tuntun tí TCN, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé iná kiri Nàìjíríà, fẹ́ fi máa rí gbogbo ibùdó rẹ̀ láti ojú kan wà lára iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 486 dọ́là tí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2018 ṣe. A nílò rẹ̀ gidigidi; ẹni tó bá ti wà ní orílẹ̀-èdè yìí nígbà tí gbogbo iná kú lẹ́ẹ̀kan mọ ìdí rẹ̀. Ní Èkó, ilé omi Adíyàn kejì, tí wọ́n ṣètò láti máa pèsè 70 mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù lójúmọ́, wà lára iṣẹ́ ńláńlá bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọwọ́ kò dé láti òkèèrè tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni a fẹ́ la ọ̀nà sí báyìí, fún ara wa àti fún ẹnikẹ́ni tó bá lè gba ọ̀nà náà.

Àwọn ẹnjiníà wa máa ń rin ìrìnàjò FAT lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, aráàlú sì máa ń wò ó bí ìgbádùn. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ ààbò kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ wà nínú ikọ̀ náà, pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù tirẹ̀, kó sì ní àṣẹ tí a kọ sílẹ̀ láti sọ pé òun ò fọwọ́ sí i. Tó bá padà dé, kí ìwé tó mú wá ní ohun tó kùnà nínú, kì í ṣe ohun tó yege nìkan, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó máa tún un ṣe àti ọjọ́ tó máa tún un ṣe. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì ń fa ẹ̀rọ lé wa lọ́wọ́, àwọn òṣìṣẹ́ wa ni kó yí gbogbo páásíwọ́ọ̀dù níkọ̀ọ̀kan, kí agbaṣẹ́ṣe jókòó síbẹ̀, kó gbìyànjú láti fi ti tẹ́lẹ̀ wọlé, kí wọ́n sì san ìyókù owó rẹ̀ nígbà tí kò bá ríbi wọlé.